Agbọ̀n Òwú Adúmáadán

Bàbá Oníná kò tíì mu tíì ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún tuntun dé ìdajì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni. Wọ́n kí ara wọn kú ọdún, wọ́n kí ara wọn kú ìyèdún, wọ́n ṣàdúrà pé ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ìgbà tí àdúrà tán ni ọmọ náà wá sọ ọ̀rọ̀ kan wẹ́rẹ́, bí ẹni pé kò tó nǹkan.

"Bàbá mi, Màmá ní kí ẹ jọ̀ọ́ bá àwọn fi agbọ̀n òwú àwọn ránṣẹ́. Ẹ lè fún awakọ̀ tó bá ń bọ̀ lápá ibí."

Ó ní kò burú. Ó béèrè ọmọ ọwọ́, wọ́n ní ó ń sùn. Ó béèrè Màmá náà, wọ́n ní ó ń wẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ títí tíì náà fi tutù pátápátá sínú ife.

Ẹni tí kò bá mọ ilé yẹn lè máa rò ó pé kí ló wá wà nínú agbọ̀n òwú tó lè mú kí ọkùnrin gbàgbé tíì rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀. Adúmáadán ni ìyàwó Bàbá Oníná. Òun ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra, nítorí awọ ara rẹ̀ tó dúdú tó sì ń dán, obìnrin náà sì ń jẹ́ ẹ di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dídán náà ti gba ìsinmi díẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Nígbà tí ọmọ yìí náà bímọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí, Adúmáadán gbé báàgì kan, ó ní òun ń lọ bá a tọ́jú ọmọ. Tí ọmọ bá ti lè jókòó, òun ń bọ̀. Ọmọ jókòó. Ó ní kó kọ́kọ́ rá ná. Ọmọ rá. Ó ní eyín ló ń yọ lọ́wọ́, ara rẹ̀ ń gbóná. Eyín yọ. Ní báyìí ọmọ ti ń rìn, ó ti ń fọ́ abọ́, wọ́n tiẹ̀ ti bá a wá ilé ìtọ́jú ọmọ tí á máa lọ lọ́dún tuntun, síbẹ̀ Adúmáadán kò bọ̀.

Ohun tó fi ọkàn ọkọ rẹ̀ balẹ̀ nínú gbogbo èyí ni agbọ̀n òwú. Ẹ̀gbẹ́ àga Adúmáadán ló wà, ní yàrá ìgbàlejò, níbi tó ti wà láti ìgbà tí wọ́n ti kó wọ ilé náà. Kò sí ibi tí obìnrin yẹn lọ pẹ́ sí rí tí kò gbé e dání. Nígbà tí wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn, ó gbé e lọ. Nígbà tó lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ó gbé e lọ. Lọ́tẹ̀ yìí nìkan ló fi í sílẹ̀. Bàbá Oníná wá bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé ẹni tó fi agbọ̀n sílẹ̀ kò lọ, ó kàn yà síbì kan ni. Ilé ṣáà làbọ̀ ìsinmi oko. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ máa ṣe ségesège, ó kàn máa ń wo agbọ̀n ni, ara á sì rọ̀ ọ́. Agbọ̀n yẹn gan-an ni wọ́n wá ránṣẹ́ pè yìí.

Iṣẹ́ iná ló ń ṣe. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí títì tó kún fún wáyà, súìṣì àti fáànù tí àwọn oníǹkan gbé wá tí wọn ò padà wá gbé. Bí iná bá kú nílé ẹnikẹ́ni, á fi ọwọ́ tọ wáyà láti ibi mítà lọ sí ibi gílóòbù, á fi tẹ́sítà tọ́ ibí, á tọ́ ọ̀hún, kò sì sí ibi tí ọ̀ràn náà lè sá pamọ́ sí tí kò ní bá a níbẹ̀. Ó mọ ìdí gbogbo nǹkan, ó sì fẹ́ràn kí èèyàn mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Bí o bá ní oòrùn mú lónìí, á sọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó ṣe tẹ́sítà ìyàwó. Ó jókòó ti tíì tó tutù, ó ń tọ ìgbéyàwó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń tọ wáyà. Kò na obìnrin náà rí. Kì í mutí. Kò ní ẹlòmíràn níta. Ìrọ̀lẹ́ kì í lọ kó má pè é lórí fóònù, ó sì máa ń sọ fún un nígbàkúùgbà pé, "Má kánjú o, kò síyọnu nílé." Ó gbà pé ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Pé "má kánjú" náà lè lákọ kó lábo kò tíì wá sí i lọ́kàn.

Ó dìde, ó gbé agbọ̀n náà, ó jókòó sórí àga ara rẹ̀, ó ṣí i. Kò ṣí i wò rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Bọ́ọ̀lù òwú bíi mélòó kan wà níbẹ̀, sáàsì kékeré kan, àti nǹkan kan tí wọ́n hun, aláwọ̀ eérú, tí abẹ́rẹ́ gbọọrọ méjì ṣì wà lára rẹ̀. Ó fà á yọ. Ó ń bọ̀. Ó tún fà á. Ó ṣì ń bọ̀. Kó tó tán, nǹkan náà ti kó sórí orúnkún rẹ̀, ó ti bọ́ sílẹ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìdáná. Kò lọ́rùn, kò lápá. Ó wé e mọ́ ọrùn, ó yí ọrùn rẹ̀ po títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un lọ́rùn pa. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, kò fẹ̀ tó ohun tí èèyàn á fi bora. Ó ró o mọ́ ìdí, ó lọ wo ara rẹ̀ nínú dígí, àgbàlagbà ọkùnrin tó ró òwú eérú lọ́jọ́ ọdún, ó sì yára tú u kí ẹnikẹ́ni tó wọlé bá a.

Ta ni Adúmáadán ń hun nǹkan yìí fún? Ọ̀rọ̀ náà tojú sú u. Òun wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń hun ún, ó jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀, kò sì bi í rí. Ìdí tí kò fi bi í sì rèé.

Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra, nígbà tí oyún ọmọ yìí wà nínú Adúmáadán, ó ń hun súwẹ́tà ọmọ tuntun kan tó ní ọnà òdòdó láyà. Irú ọnà bẹ́ẹ̀, kíkà ni wọ́n ń kà á, ojú òwú kan, ojú òwú kan, tí èèyàn bá ṣi ẹyọ kan kà, òdòdó di ewúro. Bàbá Oníná ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ìròyìn lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó kó tó bọ́ bàtà. Adúmáadán ṣi ojú òwú kà. Ó ní láti tú iṣẹ́ náà dé ìdí. Ó sunkún bí ẹni tí ilé rẹ̀ jó, nítorí aboyún ni, ẹkún kò jìnnà sí i lásìkò yẹn. Ọ̀dọ́kùnrin náà bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì dá ìpinnu kan nínú ara rẹ̀: bí abẹ́rẹ́ bá ti ń lọ, ẹnu òun á máa wà ní pípadé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Abẹ́rẹ́ kò sì kúrò lọ́wọ́ Adúmáadán ní ìrọ̀lẹ́ kankan mọ́ láti ìgbà náà. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á jókòó sórí àga méjì tó dojú kọra, abẹ́rẹ́ á máa ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ọkọ á máa wo ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ á sì máa kú sí i lọ́fun. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀bùn ló kà á sí. Ó tilẹ̀ máa ń fọ́nnu nípa rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù pé kò sí ariwo nílé òun.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé agbọ̀n náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Olówùú. Opó ni, yàrá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé tí wọ́n jọ ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Òwú ló ń tà, ó sì ń hun súwẹ́tà fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ilé ìwé ti fẹ́ wọlé, nítorí náà yàrá rẹ̀ kún fún apá súwẹ́tà tí kò ní ara àti ara tí kò ní ọrùn. Ó ń hun ún lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá Oníná wọlé. Ó ní kó gbé apá mẹ́ta kúrò lórí àga kó jókòó.

Bàbá Oníná jókòó. Abẹ́rẹ́ ń lọ, nítorí náà ó pa ẹnu mọ́, ó ń dúró. Àǹtí Olówùú ní tirẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó sọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó bọ́ sórí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí kì í dáná, ó bọ́ sórí onílé, ó ti ibẹ̀ padà sórí orúnkún. Kò wo abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Apá súwẹ́tà náà sì ń gùn sí i nísàlẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí. Bàbá Oníná ń wò ó, ẹ̀rù ń bà á nítorí obìnrin náà, ó ń retí ìgbà tí gbogbo rẹ̀ máa dàrú. Kò dàrú.

"Bàbá Oníná, ṣé kò sí o? Látìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé, 'hẹ̀n' nìkan lẹ ń wí."

"Mò ń dúró kí ẹ kà á tán ni."

"Kí n ka kí ni tán?"

"Òwú yín."

Àǹtí Olówùú rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ kan fi bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ta ló sọ fún un pé wọ́n ń ka eléyìí? Tó bá jẹ́ ọnà ni òun ń yọ sí i, ó yé òun, ẹni tó bá pe òun nígbà yẹn, òun lè sọ nǹkan lù ú. Ṣùgbọ́n èyí tó lọ gbọọrọ lásán, ọwọ́ ló mọ̀nà, ẹnu kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ó ní òun àti olóògbé ọkọ òun, ibi tí àwọn ti ń hunṣọ gan-an ni àwọn ti ń ja gbogbo ìjà àwọn, ibẹ̀ náà ni àwọn sì ti ń parí ẹ̀.

Bàbá Oníná rọra béèrè pé ó tó ìgbà mélòó tí obìnrin máa ń yọ ọnà.

"Bóyá tọ́mọ tuntun bá fẹ́ wọ̀ ọ́. Ta ló láyè wàhálà yẹn lójoojúmọ́?"

Ó fẹ́ dìde máa lọ, ṣùgbọ́n Àǹtí Olówùú ti ka agbọ̀n náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fa nǹkan eérú náà yọ, ó sì fà á títí ẹ̀rín fi kúrò lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ra á, ó yẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wò, ó yẹ ibi tí abẹ́rẹ́ wà wò.

"Èyí ò lè jẹ́ súwẹ́tà. Kì í sì í ṣe ìborùn, ọrùn ta ló gùn tó báyìí? Bàbá Oníná, ẹni tó ń hun nǹkan yìí ò fẹ́ kó tán."

Bàbá Oníná ní kí ló dé tí èèyàn á fi máa hun ohun tí kò fẹ́ kó tán. Àǹtí Olówùú ní òun kò mọ̀, àfi kó bi oníǹkan. Báyìí ni ọkùnrin tó gbé ìbéèrè kan sọ̀ kalẹ̀ ṣe gbé mẹ́ta gòkè padà.

Orí rẹ̀ dàrú pátápátá. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń wo àga Adúmáadán. Bó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kò dí ẹnu, a jẹ́ pé Adúmáadán lè bá òun sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò kàn sọ ọ́ ni. Kí ló dé tí kò sọ ọ́? Kò ní nǹkan tó fẹ́ sọ. Ta ni kò ní nǹkan tó fẹ́ bá sọ? Òun. Inú bí i sí Adúmáadán. Òun tó pa ẹnu mọ́ nítorí rẹ̀! Lẹ́yìn náà inú bí i sí ara rẹ̀, nítorí ẹni tí kò sọ̀rọ̀ kò lè bínú pé wọn kò dá òun lóhùn. Lẹ́yìn náà ebi ń pa á, ó sì lọ jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró. Ó dùn ún. Ẹ má jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ bò ó, ó dùn ún gan-an, ó sì dùn ún jù pé kò mọ ojú ibi tó ti ń dun òun.

Nígbà tó pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ọkùnrin yìí kan náà ló máa ń rojọ́ lórí fóònù bí ẹyẹ ìbákà o. Tó bá jó ìrẹsì, á rò ó. Tí oníbàárà bá gbé fáànù tó jẹ́ pé eku ló kú sínú ẹ̀ wá, á fi ohùn oníbàárà sọ ọ́, á tún fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ohùn eku sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ìyàwó rẹ̀ ní "ẹ kú ìrọ̀lẹ́", ó kí i padà, ó sì dákẹ́. Adúmáadán bi í bóyá nẹ́tíwọọ̀kì ni kò dára. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni. Obìnrin náà ní "Ó dáa" ní ohùn kékeré kan, ó sì pa fóònù. Ohùn kékeré yẹn ni kò jẹ́ kó fún awakọ̀ kankan ní agbọ̀n. Ó ní òun á gbé e lọ fúnra òun. Bí obìnrin bá ń kọ òun sílẹ̀, kí òun ṣáà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó gbé agbọ̀n lé itan bí ẹni gbé ọmọ. Ó to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, ó tò ó dáadáa: á kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà, á wá béèrè ohun tí òun ṣe, á wá sọ pé òun kì í ṣe ọkùnrin tó máa ń fi ipá mú èèyàn. Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Obìnrin tó jókòó tì í bi í bóyá òwú náà jẹ́ títà, ó sì jágbe mọ́ ọn pé kì í ṣe títà, títí tí ojú fi ń ti àwọn méjèèjì.

Ọmọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ẹnu yà á, ó kúnlẹ̀ kí i, ó gbé agbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ló dé tí àwọn ò gbọ́ pé ó ń bọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Adúmáadán ti yàrá jáde, ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sùn. Ó ti sanra díẹ̀. Ó rẹwà lójú ọkọ rẹ̀, èyí sì tún wá da ọ̀rọ̀ rú sí i.

"Ẹ káàbọ̀," ni Adúmáadán wí.

"O kú ilé," ni Bàbá Oníná wí.

Wọ́n dúró síbẹ̀ bí ayálégbé méjì tó pàdé nídìí ẹ̀rọ omi. Ọmọ wọn wo ìyá, ó wo bàbá, ó gba ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lọ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ní òun ń lọ wá nǹkan sórí iná. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni.

Adúmáadán jókòó, ó fa agbọ̀n mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ sì wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí Bàbá Oníná tó sẹ́jú, abẹ́rẹ́ ti ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ẹnu ọkùnrin náà sì padé wẹ́kú. Gbogbo ọ̀rọ̀ àgbà tó tò nínú bọ́ọ̀sì, kò rí ẹyọ kan mọ́. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe nílé, ó sì rí i pé bí òun kò bá sọ nǹkan báyìí, òun máa jẹun, òun máa wọ bọ́ọ̀sì, òun máa padà sílé lóun nìkan, ó sì parí nìyẹn.

"Adúmáadán, ṣé ò ń kà á?"

"Kí n ka kí ni?"

"Òwú yẹn."

Obìnrin náà wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀. "Kí ni mo fẹ́ kà lára eléyìí?"

Ó wá sọ ọ́. Ó sọ ọ́ ségesège, ìdí rẹ̀ ṣáájú orí rẹ̀: súwẹ́tà olódòdó, ìròyìn tí òun mú wálé, ẹkún tí Adúmáadán sun, ìpinnu tí òun dá, abẹ́rẹ́ tí kò dúró mọ́, ẹnu tí òun pa mọ́. Adúmáadán ń gbọ́, ojú rẹ̀ rú. Ó ní ọjọ́ wo nìyẹn? Ó tún un sọ. Obìnrin náà mi orí. Ó rántí súwẹ́tà náà, ó ní ọmọ wọn wọ̀ ọ́ títí ó fi ya. Kò rántí ìròyìn kankan, kò rántí pé òun sunkún. Oyún ló ń ṣe òun, ó ní òun tilẹ̀ sunkún lọ́dún yẹn nítorí pé ẹyin kan fọ́.

Bàbá Oníná kò mọ ohun tó máa fi ìyẹn ṣe. Ohun tí òun fi kọ́ ilé, ẹni tí òun kọ́ ọ fún kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìpìlẹ̀ wà.

"Èmi rò pé ẹ ò ní nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ bá mi sọ ni," Adúmáadán wí. Ó ń bá abẹ́rẹ́ sọ ọ́, kò gbójú sókè. "Tẹ́ ẹ bá jẹun tán, ẹ̀ ẹ́ gbé ìwé ìròyìn, ẹ̀ ẹ́ dákẹ́. Mo ní kí n máa rí nǹkan fọwọ́ ṣe, kí n lè máa jókòó tì yín. Tí mo bá hun ún tán, mo gbọ́dọ̀ dìde. Mi ò fẹ́ dìde. Mo ní bóyá ẹ ó sọ nǹkan."

"Ìdí nìyẹn tó fi gùn tó yẹn?"

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn."

Ó bi í pé kí ló wá dé tí kò padà sílé. Adúmáadán rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò lọ jìnnà. Ó ní ìgbà tí òun dé ibí ni ọkọ òun bẹ̀rẹ̀ sí í bá òun sọ̀rọ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun máa ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù débi pé ọmọ wọn bi òun lọ́jọ́ kan bóyá Bàbá òun nìyẹn lóòótọ́ àbí wọ́n ti rí ọkùnrin mìíràn. Ó ní òun ń fi ọmọ tó ń yọ eyín ṣe àwáwí, òun sì mọ̀ pé àwáwí ni.

"Ẹ̀rù ń bà mí ni. Tí mo bá padà sílé, ta ló máa pè mí?"

"Agbọ̀n wá ńkọ́? O ránṣẹ́ wá gba agbọ̀n."

"Ojoojúmọ́ lẹ ń sọ pé kí n má kánjú. Mo ní ẹ ti rí i pé ilé tura láìsí mi. Ọdún tuntun dé, mo ní kí n fi agbọ̀n mọ ibi tí mo wà lọ́dọ̀ yín."

Láti yàrá ìdáná, wọ́n ń gbọ́ tí ọmọ wọn ń ṣí ìkòkò tó ń pa á dé láìsí ìdí kan. Adúmáadán gbé nǹkan eérú náà sókè lórí itan rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, apá kan lẹ́yìn èkejì, ìrọ̀lẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, kò sì dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kí omi tó lé ròrò sí i lójú.

"Ọgbọ̀n ọdún, Bàbá," ó wí. "Ta ló máa dá a padà fún wa?"

Bàbá Oníná la ẹnu. Ó wá ìdáhùn kiri, ó wá ìdí ọ̀rọ̀, ó wá ohun tó fà á àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Kò rí ibi tó lè fọwọ́ kàn.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Mi ò mọ̀ rárá, Adúmáadán. Mi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ tẹ́ni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ bá ń wo ojú ẹni. Ṣùgbọ́n ilé ò ṣeé gbé. Irọ́ ni mo ń pa lórí fóònù. Jọ̀ọ́, máa kánjú bọ̀."

Adúmáadán gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó wò ó, ọkùnrin tó mọ ohun tó ń mú oòrùn mú, obìnrin náà kò sì tíì gbọ́ "mi ò mọ̀" lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Ọmọ wọn yọjú láti yàrá ìdáná, ó rí omi lójú ìyá, ó rí i lójú bàbá, ó ní ṣé kò sí o.

Ìyá rẹ̀ ní kò sí. Ó ní kó lọ bá òun ká aṣọ òun lórí okùn, ìbáà gbẹ, ìbáà má gbẹ, àwọn ń lọ sílé.